Ẹlẹ́rìí Tí Ń Bá Ẹrù Rìn

Kí ayé tó gbọ́ orúkọ Perl rárá, Larry Wall ará Amẹ́ríkà tí ó dá a sílẹ̀ àti Gloria ìyàwó rẹ̀ jọ ń kọ́ ìmọ̀ èdè ní Yunifásítì California tí ó wà ní Berkeley, èrò ọkàn wọn sì ni pé bí àwọn bá ti ṣetán, àwọn yóò wá èdè kan lọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí, ó lè jẹ́ ní ilẹ̀ adúláwọ̀ níhìn-ín, àwọn yóò fún un ní lẹ́tà tí a ó máa fi kọ ọ́, àwọn yóò sì túmọ̀ Bíbélì sí i, bí ọmọ Òṣoògùn nì, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe fún èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú tiwọn. Àìlera ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Ẹsẹ̀ tí ìbá tẹ ilẹ̀ wa wá dúró sí Amẹ́ríkà, ó yà sí ibi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀kọ́ èdè tí ó ti wọ ọkùnrin náà lẹ́jẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó sinmi títí ó fi di ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1987, nígbà tí ó fi èdè tirẹ̀ lé aráyé lọ́wọ́, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, tí ó sọ ní Perl.

Àwọn tí ó ń ki Perl máa ń yìn ín fún bí ó ti mọ ọ̀rọ̀ í tú wò tó, bí ó ti ń ṣa ohun tí ó wúlò nínú fáìlì gbọọrọ bí ìyàwó ilé ti ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Àkọmọ̀nà àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sì ni pé ọ̀nà tí a lè gbà ṣe nǹkan pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ọ̀rọ̀ tí àwa ti ń wí láti ayébáyé pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èmi kò bá wọn du èyíkéyìí nínú ìyìn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ogún tí mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú ohun tí èdè yìí fi sílẹ̀ ni àṣà kékeré kan tí ó bá a jáde láti inú ìyá rẹ̀ wá: ẹrù tí a bá fi ránṣẹ́ sí ọ, ẹlẹ́rìí rẹ̀ ń bá a rìn, ìṣojú rẹ sì ni ẹlẹ́rìí náà yóò ti sọ̀rọ̀, ní ìloro ilé tìrẹ, kí ẹrù náà tó wọ yàrá.

Nínú ẹrù àkọ́kọ́ tí Larry Wall dì ní ọdún 1987 yẹn, fódà kan wà tí orúkọ rẹ̀ kò ju lẹ́tà kan ṣoṣo lọ, t, inú rẹ̀ sì ni àwọn ìwé ìdánwò kéékèèké tò sí, tí olúkúlùkù wọn ń sọ̀rọ̀ ní ìlànà kan náà: yóò kọ́kọ́ kéde iye ohun tí òun fẹ́ sọ, bíi 1..4, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa ka wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ok 1, ok 2, bí èyíkéyìí bá sì kùnà, yóò wí pé not ok, yóò fi nọ́ńbà rẹ̀ sí i. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá farabalẹ̀ lè rò pé eré ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ọgbọ́n tí ó fara pamọ́ sínú iye tí a kọ́kọ́ kéde. Bí ìránṣẹ́ bá wí fún ọ pé àpò owó ẹyọ mẹ́rin ni wọ́n fi rán òun, tí ó sì jẹ́ méjì ni ó gbé kalẹ̀, ìwọ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi í léèrè kí o tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìwé ìdánwò tí ó kéde mẹ́rin, tí ó sọ méjì, tí ó sì dákẹ́ lójijì, ti fi hàn pé lẹ́yìn ohun kejì ni ètò náà kú, kí ó tó dé ìkẹta. Àwọn àgbà wí pé ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nínú àṣà yìí, dídákẹ́ gan-an a máa fẹjọ́ sùn. Àwọn ìwé tí ó ń dán ìpìlẹ̀ èdè wò ni a kọ́kọ́ ń ṣí, àwọn tí ń wò ó bóyá ẹ̀rọ mọ ìyàtọ̀ láàrin bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí bí ìyẹn kò bá dúró, kò sí ohun tí a gbé lé e lórí tí yóò dúró.

Ẹni tí ó bá mọ bí ayé kọ̀ǹpútà ti rí nígbà náà kò ní bèèrè ìdí. Unix, ètò tí ń darí ẹ̀rọ, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò, ṣùgbọ́n Unix ti Sun kì í ṣe ti HP, ti Digital kì í ṣe ti IBM, bí ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Èkìtì ti jọ ń sọ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣì lè rú ẹnì kejì lójú. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dára lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún un lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Láti ìgbà rn, ètò tí Larry Wall kọ ní 1984 fún kíka ìròyìn Usenet, ni ó ti ń fi ìwé kan tí ó pè ní Configure ṣáájú ẹrù rẹ̀, tí ń bi ẹ̀rọ léèrè ohun tí ó ní àti ohun tí kò ní. Nígbà tí Perl dé, ìwé ìdánwò wá tẹ̀lé e lẹ́yìn, tí ó fi jẹ́ pé Configure ń wádìí ilẹ̀ kí a tó kọ́lé, ìdánwò sì ń gbọn ògiri wò lẹ́yìn tí a kọ́ ọ tán, kí á tó kó wọ̀ ọ́. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1994 ni Perl 5 jáde, òun ni ó sì mú ohun tí wọ́n ń pè ní module wá: iṣẹ́ tí ẹnì kan ti ṣe parí, tí ó dì í ní ẹrù kí ẹlòmíràn má baà tún fi òógùn rẹ̀ ṣòfò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995 ni ọjà tí a ó ti máa kó àwọn ẹrù náà ṣí, CPAN, tí Jarkko Hietaniemi ará Finland àti Andreas König ará Jámánì wà lára àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, tí ìsọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì wà lórí ẹ̀rọ FUNET ní ilẹ̀ Finland, kí àwọn ẹ̀rọ káàkiri ayé tó máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Lónìí, àwọn module tí ó wà níbẹ̀ lé ní 200,000, kò sì sí èyí tí ẹnikẹ́ni ń san kọ́bọ̀ lé lórí. Àtìgbà náà ni ẹni tí ó bá gbé ẹrù kan wálé ti ń pe gbólóhùn mẹ́rin ní sísẹ̀-ń-tẹ̀lé bí ẹni ń pe ọfọ̀: perl Makefile.PL, make, make test, make install. Èkínní ń yẹ ilé wò bóyá àwọn module tí ẹrù yìí gbójú lé ti wà níbẹ̀. Èkejì, tí ó ń lo make, irinṣẹ́ tí Stuart Feldman ṣe ní Bell Labs ní 1976, ń kó ohun gbogbo jọ sínú fódà kan tí ń jẹ́ blib, èyí tí mo ń pè ní ìloro. Ẹ̀kẹta ń pe ẹlẹ́rìí. Ẹ̀kẹrin nìkan ni ó ń gbé ẹrù wọ yàrá. Ẹni tí ó tò wọ́n báyìí mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn, irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ h2xs ni ó ń bá oníṣẹ́ fi ìpìlẹ̀ module lélẹ̀, a sì máa fi ìwé ìdánwò kan tì í, test.pl, tí n kò lè fojú fò dá, nítorí mo kà á sí ọ̀kan nínú àwọn ìwé kúkúrú tí ó gbọ́n jù lọ tí ọwọ́ ènìyàn tíì kọ fún ẹ̀rọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń ṣe ni pé ó ń pa á láṣẹ pé kí ọ̀rọ̀ má há sí òun lẹ́nu, pé ohunkóhun tí òun bá ti sọ kí ó jáde lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó kéde 1..1, ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ sọ. Lẹ́yìn náà ni ó kọ END, tí í ṣe ọ̀rọ̀ tí Perl ń pa mọ́ di ìgbà tí ẹ̀mí ètò bá fẹ́ bọ́, ó sì wí fún un pé bí ó bá di ìgbà náà tí ìwọ kò rí àmì pé module wọlé, kí o ké not ok 1. Ìgbà tí ó ti ṣe gbogbo èyí tán ni ó tó wá pe module náà, tí ó fi àmì sílẹ̀ pé ó wọlé, tí ó sì wí pé ok 1. Ẹ wò ó dáadáa. Kí ó tó dojú kọ ewu rárá ni ó ti yan ẹni tí yóò túfọ̀. Bí module bá ṣubú kú ní ẹnu ọ̀nà, ìwé náà fúnra rẹ̀ kò ní lè sọ ohunkóhun mọ́, ṣùgbọ́n END yóò dìde lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ará ilé gbọ́.

Ẹni tí ó bá gbọ́ not ok ní ìloro rẹ̀, níbo ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀? Àwọn tí iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn a máa ní kí ó gòkè padà, kí ó kúrò ní ìsàlẹ̀ níbi tí ẹkún ti pọ̀, kí ó lọ ka àṣìṣe àkọ́kọ́, nítorí ogójì ìkùnà lè jẹ́ ọmọ ìyá kan ṣoṣo, a kì í sì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí yóò bá níbẹ̀ ni Can't locate, pẹ̀lú orúkọ module kan tí kò sí nílé, àti @INC, ìyẹn àwọn fódà tí Perl wá a dé kí ó tó sọ̀rètí nù. Nígbà náà, àìsí module kejì yẹn ni àìsàn, èyí tí a ń gbé wọlé kò ní àbùkù kankan. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, apá kan module ni a fi èdè C kọ, bíi XML::Parser tí ó gbójú lé expat: bí fáìlì expat.h kò bá sí lórí ẹ̀rọ, igbe yóò ti ta kí a tó dé ìdánwò, ariwo tí ìdánwò bá pa lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ tirẹ̀ mọ́. DBD::mysql ń fẹ́ kí database kan wà láàyè, kí ó sì gba ìwé ìdánwò sílé. Bí wọn kò bá ṣílẹ̀kùn fún un, not ok tí ó ń wí kò kan module náà rárá, ọ̀rọ̀ onílẹ̀kùn ni.

Bí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí bá sì ṣe ṣókí jù, a lè ní kí ó là á yé wa. Àṣẹ make test TEST_VERBOSE=1 yóò jẹ́ kí a rí gbogbo ok àti not ok ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan; prove, irinṣẹ́ tí Andy Lester fi kún un nígbà tí ó yá, lè pe ìwé ìdánwò kan ṣoṣo jáde láàrin ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n kòtò kan wà níbẹ̀ tí ó ti gbé àgbà àti ọmọdé mì: ẹni tí ó bá pe prove láìfi -b kún un, tí kò sì tọ́ka sí blib lọ́nà mìíràn, ògbólógbòó module tí ó ti wà ní yàrá tẹ́lẹ̀ ni yóò máa dán wò, nígbà tí tuntun jókòó sí ìloro tí ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa tún iṣẹ́ ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí èsì rẹ̀ má yí padà ní ìlà kan.

Àbùkù tí àwọn ìwé àtijọ́ ní ni pé wọn kì í ṣàlàyé. Not ok 17 ni wọn yóò wí, ìwọ ni yóò wá ṣí ìwé náà, tí ìwọ yóò máa ka ìdánwò láti orí dé ìdí kí o tó bá ìkẹtàdínlógún. Ọdún 2001 ni Michael Schwern gbé Test::Simple àti Test::More jáde, ìdánwò kọ̀ọ̀kan wá di ohun tí a lè sọ lórúkọ, èyí tí ó bá sì kùnà yóò dárúkọ fáìlì àti ìlà tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, yóò gbé ohun tí ó rí, got, kalẹ̀, yóò sì gbé ohun tí ó ń retí, expected, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ojú oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe ìdájọ́. Nígbà tí Perl 5.8 jáde ní oṣù Keje ọdún 2002, Test::More ti wà nínú ẹrù Perl gan-an. Ọ̀rọ̀ ok àti not ok náà gba orúkọ, TAP, ó sì rékọjá ààlà ilé tí a ti bí i: àwọn tí ó ń ṣe Git ń fi í sọ̀rọ̀, àwọn tí ó ń ṣe PostgreSQL ń fi í sọ̀rọ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, Graham Barr àti Chris Nandor dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí mo rò pé kò sí irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ mìíràn nígbà náà, CPAN Testers. Olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò san owó fún wọn. Bí oníṣẹ́ kan bá ti gbé module tuntun lọ sí ọjà, wọn yóò gbà á sórí ẹ̀rọ tiwọn, Linux ni o, FreeBSD ni o, Solaris ni o, Windows ni o, wọn yóò pe ẹlẹ́rìí rẹ̀, wọn yóò sì fi èsì ránṣẹ́ padà: PASS bí ó bá yege, FAIL bí ó bá kùnà, NA bí ẹ̀rọ náà kì í bá ṣe ibi tí module náà ń gbé, UNKNOWN bí kò bá sí ẹlẹ́rìí kankan nínú ẹrù tàbí tí iṣẹ́ kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rìí. Bí oníṣẹ́ tí kò fojú rí Solaris rí láyé ṣe ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ti ṣe níbẹ̀ nìyí, bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní ìdálẹ̀ ti ń gbọ́ ìròyìn láti ẹnu àwọn èrò ọ̀nà.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹlẹ́rìí kì í ṣìnà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, Perl 5.18 jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí da ètò àwọn ohun tí ó wà nínú hash, àpò tí Perl ń fi orúkọ to nǹkan sí, rú ní gbogbo ìgbà tí a bá pè é, kí ọlọ́ṣà má baà lè fi àmọ̀tẹ́lẹ̀ ètò náà dá ẹ̀rọ dúró; bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìdánwò tí ó ti ń wí ok fún ọ̀pọ̀ ọdún bẹ̀rẹ̀ sí wí not ok ní òwúrọ̀, kí ó tún wí ok ní ọ̀sán. Wọ́n ti gbójú lé ètò tí Perl kò ṣèlérí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, Perl 5.26 yọ fódà tí ènìyàn dúró sí kúrò nínú @INC, nítorí ẹni ibi lè ju fáìlì búburú síbẹ̀. Àwọn module tí ó di Module::Install, irinṣẹ́ tí ń bá wọn gbé ẹrù wọlé, sínú fódà inc tiwọn kò lè rí ohun tí ó wà ní ẹsẹ̀ wọn mọ́, Makefile.PL sì ń kú kí a tó gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí kankan. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti Time::Local, module tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka ọjọ́. Nọ́ńbà méjì péré ni ìwé ìdánwò rẹ̀ àtijọ́ fi kọ ọdún 1970, 70, module náà sì ń gbé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sí àárín àádọ́ta ọdún sẹ́yìn àti àádọ́ta ọdún síwájú. Nígbà tí ọjọ́ kìíní ọdún 2020 mọ́, 70 di 2070, ẹlẹ́rìí tí kò yí gbólóhùn kan padà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì di ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ kò bá ọjọ́ mu mọ́. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ìwé ìdánwò ni a ń tún ṣe, a kì í fọwọ́ kan module. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe fẹ́ mọ èyí tí ó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì bí kò bá ṣe pé a jókòó, a ṣí ìwé náà, a sì kà á?

Ìdí nìyí tí ọkàn mi kì í fi balẹ̀ bí mo bá rí ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ not ok lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì na ọwọ́ sí àṣẹ force láti fi agbára gbé ẹrù wọlé. Ní ọdún 2010 ni Tatsuhiko Miyagawa ará Japan gbé cpanm jáde, irinṣẹ́ kan tí kì í rojọ́ púpọ̀, tí ó ń pe ìdánwò fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń kọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ sínú build.log, iṣẹ́ rere ni ó ṣe, ẹni tí iṣẹ́ bá yíwọ́ fún, build.log yẹn ni kí ó kọ́kọ́ ṣí. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kan náà mọ --notest, tí a fi ń pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́, mo sì ti rí i tí àwọn kan kọ ọ́ sínú ìlànà iṣẹ́ wọn bí ẹni pé iyọ̀ ọbẹ̀ ni. Wọ́n ní kò sí àkókò. Àkókò tí wọ́n fi pamọ́ ní ìloro, inú yàrá ni wọn yóò ti ná an, ní òru, nígbà tí oníbàárà ń dúró. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í le koko.

Nínú ẹrù Perl òde òní, module kan wà tí ń jẹ́ Unicode::Collate, iṣẹ́ ọwọ́ Sadahiro Tomoyuki, ará Japan, tí ń kọ́ ẹ̀rọ bí a ti ń to ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì onírúurú èdè. Bí ẹ bá ṣí fódà t rẹ̀, láàrin ọ̀pọ̀ ìwé ìdánwò tí ó wà níbẹ̀, ẹ ó rí ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ loc_yo.t. Tiwa ni. Èdè tí Crowther fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ sílẹ̀ ni ìwé yìí ń bi ẹ̀rọ léèrè: ṣé ẹ ń tẹ̀lé e, kí f tó dé, ṣé gb dá dúró ní lẹ́tà tirẹ̀ lẹ́yìn g, tí gúgúrú yóò fi ṣáájú gbà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì yóò fi gbà ṣáájú, ṣé ọ ń tẹ̀lé o, ṣé ṣ ń tẹ̀lé s. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé module náà wálé, ìbáà ṣe ní Tokyo tàbí ní Helsinki, tí ó sì pe make test láìkánjú, yóò gbọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ka lẹ́tà Yorùbá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ok, ok, ok, títí yóò fi pé iye tí ó kọ́kọ́ kéde.